Láàbù tó tún ẹran orí àbúrò mi wò

Aṣọ òfì ni mò ń tà ní Ìlọrin. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá tí a fi gbé àbúrò mi obìnrin kiri, bẹ́ǹṣì láàbù tí mo ti jókòó lé pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, fún ẹ̀yin tí ẹ lè nílò irú rẹ̀ lọ́la. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn bóyá kí n dárúkọ ibẹ̀. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà òun sí lòun ṣe. Mo gbà fún un. Iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ gbọ́: wọ́n máa ń gba ẹran ara tí láàbù mìíràn ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, wọ́n á tún un gé, wọ́n á wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì kọ ohun tí àwọn fúnra wọn rí. Ká ní mo ti mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ni, àbúrò mi ì bá má gbé oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ mì fún oṣù mẹ́jọ.

Olùkọ́ ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òmù-Àrán, ẹni ọdún 41. Orí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, apá ọ̀tún, ní kùtùkùtù, á sì rọlẹ̀ díẹ̀ bí oòrùn bá ti ń gòkè. A kà á sí ibà, a lo oògùn ibà. A kà á sí ojú, ó lọ ra awò ní Ọ̀fà. Ìyá wa ní àìsùn ni. Lọ́jọ́ kan tó ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ọwọ́ òsì tó fi di ìwé mú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Kò lè dá a dúró. Ìwé bọ́, ojú rẹ̀ yí, ó sì ṣubú sáàárín àwọn ọmọ. Ọkọ rẹ̀ gbé e wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà, wọ́n gba Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n gba Ìdòfìàn, wọ́n sì já sí Gárééjì Ọ̀fà ní Ìlọrin níbí nígbà tí àwọn èèyàn ń kí ìrun alẹ́ lọ́wọ́. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe wò mí lójú, tó ń béèrè pé ṣé ọwọ́ òun ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ya MRI fún un, lẹ́yìn tí wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ibi tí àrùn wà tàn yanran nínú fọ́tò. Awọ tó bo ọpọlọ ló ti nípọn lápá ọ̀tún. Kò rí roboto bí kókó tí ojú wa mọ̀. Ńṣe ló tẹ́ lọ lábẹ́ eegun orí bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, omi sì ti rin ọpọlọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ fún wa pé nǹkan mẹ́ta sí mẹ́rin ló lè rí báyẹn: ikọ́ ẹ̀gbẹ tó gba orí, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, kókó tó hù lára awọ ọpọlọ, tàbí jẹjẹrẹ tó wá láti ibòmíràn. Ó ní àfi kí òun gé díẹ̀ níbẹ̀ kí a tó mọ̀. Ó lu ihò kékeré kan, ó gé díẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí láàbù.

Ìlà mẹ́ta péré ni láàbù àkọ́kọ́ yẹn kọ. Wọ́n ní àwọn rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń kóra jọ bí ara bá ń bá àrùn jà, wọ́n pọ̀ jaburata, àwọn ò sì rí jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kí dókítà wò ó bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. A yọ̀. Mo fi owó sárà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé “kò sí jẹjẹrẹ” tí kò ní yọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba, a dúpẹ́ fún ìyẹn. Àbúrò mi lò ó tọkàntọkàn, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí Fanta, kò sì fo ọjọ́ kan. Wọ́n fi prednisolone, oògùn tó máa ń mú ara wíwú rọlẹ̀, kún un. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, orí fífọ́ ti lọ. Ó padà sílé ẹ̀kọ́. Gbogbo wa ní oògùn ti bá àrùn mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dín prednisolone kù, bẹ́ẹ̀ ni orí ń padà fọ́. Bí wọ́n bá tún gbé e sókè, á tún rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà kò gòkè. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ò kúrò ní 25, a lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ó jẹ ẹ̀fọ́, ó jẹ ẹ̀dọ̀, 25 náà ni. ESR rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí ara bá ń bá nǹkan jà, lé ní 100. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n ń ka gbogbo ẹ̀ sí.

Dókítà ọ̀dọ́ kan tó bá wa lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ò sí ló ṣí fáìlì láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ó kà á pẹ́. Ó béèrè pé, “Màmá, ṣé ẹ ti gba búlọ́ọ̀kù yín lọ́wọ́ láàbù?” Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lọ gbà á, kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti tún un wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé búlọ́ọ̀kù yìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí wọ́n bá gé ẹran lára èèyàn, wọn kì í wò ó ní tútù. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọ́málìn, wọ́n á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì da ohun tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là lé e lórí ní gbígbóná, kó dì mọ́ ọn. Lára ìda tó dì yẹn ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ sí awẹ́ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n á tẹ́ sórí gíláàsì, tí wọ́n á pa láró. Ìyókù ẹran náà ṣì wà nínú ìda, kì í bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tún un rẹ́. Èyí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò tó páálí ìṣáná: ike kékeré tó ní ihò wẹ́wẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ wà létí rẹ̀, ìda funfun wà lórí rẹ̀, ẹran aláwọ̀ eérú kan sì wà nínú ìda, kò tó èékánná ọmọ ìka mi. Orí àbúrò mi nìyẹn. Mo fi àjákù òfì wé e.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí láàbù àkọ́kọ́ tó fún mi. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò wá. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyẹn bójú mu, ṣùgbọ́n wọ́n ì bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ó wá ku láàbù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé kékeré ni, bẹ́ǹṣì irin mẹ́ta, fáànù kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé èsì, ó sì ń ka nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, nọ́ńbà kan yàtọ̀.” Lórí ìwé, 6 ni, lára ike, ó dà bí 0. Ó kọ̀, kò gbà á. Ó ní kí n pe láàbù àkọ́kọ́ kí wọ́n wo ìwé ńlá wọn. Inú bí mi, mo ní ṣebí ẹ̀yin náà rí i pé pẹ́ńsù ló parẹ́. Ó rọra ní kí n jọ̀ọ́, pé bó bá jẹ́ ẹran ẹlòmíràn ni, èsì tí àwọn bá kọ á di ti ẹlòmíràn. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi jókòó kí wọ́n tó fi fọ́tò ìwé ńlá ránṣẹ́ sórí fóònù. 6 ni. Ó wá gbà á. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún wa níbẹ̀, èyí ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má tún gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí iwájú mọ́tò nínú oòrùn Ìlọrin, pé ìda lè rọ̀.

Owó wọn wà lára ògiri, a ò ná an. ₦30,000 ni wọ́n gbà láti tún un rẹ́ àti láti wò ó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bó bá gba aró pàtàkì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ₦28,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé àwọn á pè mí kí àwọn tó ṣe é. Wọ́n pè mí lóòótọ́. Mẹ́fà ni wọ́n ṣe, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Èkó torí wọn kì í ṣe é níbí, ₦10,000 fún ìfiránṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦208,000. Òfì tí mo fi pamọ́ de ìnáwó Ìléyá ni mo tà. Owó ńlá ni, kò sì sí báa ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí yóò fi kéré fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́wàá iṣẹ́, ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Kò dáa. Kò sẹ́ni tó pè mí láàárín láti sọ pé yóò pẹ́, èmi ni mò ń pè. Ìgbà kan mo lọ síbẹ̀, iná ò sí, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán. Ohun tó tún dùn mí ni pé orí tábìlì iwájú yẹn ni wọ́n ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ èsì. Mo gbọ́ èsì ọmú ìyá arúgbó kan láti ẹnu òṣìṣẹ́ tó ń ka á sókè, gbogbo wa tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́. Ìyá náà kàn ń fa ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń kó páálí sí. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kó páálí yẹn kúrò, kí wọ́n gbé àga méjì síbẹ̀.

Ní ti dókítà tó ń wo ẹran náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní, “Alhaja, ẹ kú ìdúró o. Èsì ti jáde. Bí ẹ bá ráyè, ẹ wá kí n fi hàn yín.” Ó jẹ́ kí n jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì tún ojú máíkírósíkóòpù ṣe fún mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ilẹ̀ kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó, tí àwọn ẹ̀kán aláwọ̀ aró bò bí ìgbà tí èèrà bo ṣúgà. Kò sí àlàfo. Dókítà ní, “Àwọn wọ̀nyí ló ń gbèjà ara. Bí kòkòrò bá wọlé, àwọn ló ń sáré wá. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó kò parọ́, wọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n wà nìkan ló wò.” Ó ní òun tún búlọ́ọ̀kù náà rẹ́ wọ inú dáadáa, ní ìpele ìpele, òun sì wá ikọ́ ẹ̀gbẹ títí: aró tó máa ń mú kòkòrò rẹ̀ kò mú nǹkan kan, kò sì sí ojú egbò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń fi sílẹ̀. Ó wá rọra ti gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ṣé ẹ rí àwọn kan tó ká bíríkítí níbẹ̀ yẹn?”

Mo rí wọn. Láàárín èèrà yẹn ni àwọn bíi mẹ́fà sí méje wà, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí wọ́n ká sídìí igi. Erékùṣù kékeré kan níbí, òmíràn lọ́ọ̀ọ́kán. Ká ní kò tọ́ka sí i, mi ò ní rí i láéláé.

Ó ní, “Alhaja, bí ẹ bá dé òde ìyàwó, tí àlejò tó wà lábẹ́ àtíbàbà tó ọ̀ọ́dúnrún, tí onílé jẹ́ márùn-ún péré, tí àwọn márààrún sì wà lẹ́yìnkùlé nídìí ìkòkò, báwo lẹ ó ṣe mọ ẹni tó ni ìnáwó?”

Mo ní, “Aṣọ ẹbí ni n ó fi mọ̀ wọ́n.”

Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tí mo sanwó rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé gíláàsì mìíràn síbẹ̀, tí wọ́n ti fi aró kan tó ń jẹ́ SSTR2A pa. Gbogbo èèrà yẹn ti ṣá, wọn ò gba àwọ̀ kankan. Àwọn tó ká bíríkítí nìkan ló pọ́n bí omi ilẹ̀ pupa, ketekete, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Aró EMA náà mú wọn bẹ́ẹ̀. Mo kà wọ́n, mo ká mọ́ mọ́kànlélógún lójú ibì kan ṣoṣo. Àwọn aró yòókù ló fi wádìí àwọn àlejò náà wò: CD138 fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ plasma cell, oríṣi kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, kappa àti lambda fi hàn pé wọ́n jẹ́ àdàpọ̀, tí kò fi jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, torí ọmọ ìyá kan náà ni àwọn tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ máa ń jẹ́, IgG4 kò sì pọ̀ tó kó fi jẹ́ àìsàn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tí òun náà máa ń mú kí awọ ọpọlọ nípọn.

Orúkọ ohun tó ń ṣe àbúrò mi ni lymphoplasmacyte-rich meningioma. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló fún kókó awọ ọpọlọ ní orúkọ yẹn, meningioma, ní 1922. Ó ní kókó wọ̀nyí wọ́pọ̀ gan-an nínú àwọn tó máa ń hù nínú orí àgbàlagbà, pàápàá lára obìnrin, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 ka oríṣi 15. Èyí tiwa yìí wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù, ìpele kìíní, èyí tó rọjú jù, ló sì wà. Ó ní nítorí pé àlejò inú rẹ̀ pọ̀ ju onílé lọ, ó máa ń ṣe bí àìsàn ara wíwú, kì í ṣe lójú máíkírósíkóòpù nìkan, àní nínú fọ́tò MRI àti nínú ẹ̀jẹ̀ pàápàá. Prednisolone tó ń rọ̀ ọ́ lójú, omi tó yí kókó ká ló ń fà gbẹ, kò pa kókó. Ó sì ní wọ́n ti rí i lára àwọn kan tó ní irú rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í gòkè bí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ títí, àfìgbà tí wọ́n bá yọ kókó náà. Nígbà tó sọ ìyẹn, mo rántí 25, mo sì sunkún níwájú rẹ̀. Kò lé mi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bu omi fún mi.

Ojú ewé méjì ni èsì wọn. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n kọ ohun tí wọ́n wá tí wọn ò rí, wọ́n sì sọ ìdí tí wọn ò fi gbà pẹ̀lú èsì àkọ́kọ́ láìbú ẹnikẹ́ni. Dókítà náà pe oníṣẹ́ abẹ wa lórí fóònù níṣojú mi. Bí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni: ìdádúró ló gba ọ̀kan, orí tábìlì yẹn ló gba èkejì.

Wákàtí mẹ́fà ni iṣẹ́ abẹ náà gbà. Wọ́n yọ awọ tó nípọn, àfi díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí wọn ò lè fọwọ́ kàn. Wọ́n dá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ dúró. Ní oṣù kẹta, láìlo oògùn ẹ̀jẹ̀ kankan, PCV rẹ̀ di 34. Orí ò fọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì ń lọ́ra bó bá fẹ́ de bọ́tìnnì, lọ́dọọdún ni wọ́n á sì máa ya MRI fún un nítorí èyí tó ṣẹ́kù. Ó ti padà sí kíláàsì.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá gé ẹran lára èèyàn yín, ẹ béèrè búlọ́ọ̀kù, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kódà bí inú yín bá dùn sí èsì. Èmi kò béèrè nígbà tí inú mi dùn.

Wọ́n dá tiwa padà pẹ̀lú gíláàsì mẹ́jọ nínú àpótí ike. Inú agolo bisikíìtì ni mo kó wọn sí, nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí oòrùn kì í dé. Nígbà tí àbúrò mi wá kí wa ní Ìléyá, ó ní kí n gbé e wá. Ó tú àjákù òfì náà, ó gbé ike kékeré yẹn sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó sì fi ìka ọ̀tún kan ìda níbi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ kan inú. Ó ní, “Àǹtí, ó ti kéré sí i.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fúnra rẹ̀ wé e padà.